Idà Godfrey Lókè Ibùsùn Rẹ

Southsea, oṣù kọkànlá, 1911

Aubrey, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Bàbá kí ọ. Ìyá Pragnell tó ń dáná fún wa náà kí ọ, ó ní ṣé o ń jẹun kánú ní Hong Kong. Ara Bàbá le, àyàfi ikọ́.

Ẹrù ẹ̀gbọ́n wa Godfrey ti dé. Lẹ́yìn tí ibà pa á, tí wọ́n sin ín sínú òkun, wọ́n lu aṣọ rẹ̀ ní gbàǹjo nínú ọkọ̀, bí ìṣe ẹ̀yin ọmọ ogun ojú omi. Ẹni tó ra fìlà rẹ̀ dá a padà kí wọ́n lè tún un tà, kí owó tó máa kàn wá lè pọ̀. Mo sunkún nígbà tí mo gbọ́. Idà rẹ̀ nìkan ni wọn kò tà. Bàbá gbé e kọ́ sára ògiri lókè ibùsùn rẹ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an rèé. Bàbá ti bẹ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n fi ọ́ ṣe ọ̀gá ọkọ̀ ogun, kí o lè rọ́pò Godfrey. Ni mo bá sọ fún un pé o fẹ́ fi iṣẹ́ ogun ojú omi sílẹ̀ lọ máa sin màlúù ní Kánádà.

Ó ní, "Ọmọ tèmi? Kó máa da màlúù kiri?"

Mo ní, "Bàbá, wọn kì í sin darandaran sínú òkun."

Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ilé rẹ̀ ni mo sì ń gbé, mi ò ní ibòmíràn.

Jọ̀ọ́, kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ipò náà tó dé, torí bí o bá ti gbà á, ojú yóò tì ọ́ láti kúrò níbẹ̀. Má tìtorí mi dúró. Ó yẹ kí ẹnì kan jáde nínú wa.

Kí Ọlọ́run fi ilẹ̀ gbígbẹ gbà ọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Hester