Ìwin Tó Ń Dáhùn Ìkíni

Ìfọ̀,
Oṣù Kẹta, 1956.

Ẹ̀gbọ́n mi Mùsáfírù,

Mo kúnlẹ̀ kí yín ní Kùmásí. Ẹ bá mi kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ. Orúnkún mi ti fúyẹ́ díẹ̀, Bùrẹ́ímọ̀ àbúrò wa sì ti pààrọ̀ páànù tó ń jò.

Ṣé ẹ rántí àwọn òyìnbó onísinimá tó wá ya ìtàn ọdẹ tó bá ìwin jà? Ìyá wa ni wọ́n fi ṣe ìwin. Wọ́n fi ẹfun kùn ún lójú, wọ́n sun ewé tútù létí odò kí èéfín lè dà bí ìkùukùu. Ìyá á máa bọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni ń rìn lójú àlá. Ṣùgbọ́n bí ará oko kan bá ti kọjá, tó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o," ìwin á dáhùn, "Ó o, ẹ ṣé o!" Ìyá ní òun ò lè torí sinimá dákẹ́ sí ẹni tó kí òun. Nígbà tí wọ́n tún un yà lẹ́ẹ̀kẹfà, olórí wọn rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn á yọ ohùn rẹ̀ kúrò.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó ka èyí. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, Ìyá sun oorun ọ̀sán, kò jí mọ́. A ò ní fọ́tò rẹ̀ kankan.

Wọ́n ní sinimá náà yóò dé ọ̀dọ̀ yín. Bí ẹnu ìwin bá ń mì, àwọn èrò á rò pé ó ń ṣépè. Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kí i kú iṣẹ́. Á dá yín lóhùn.

Àbúrò yín,
Sùwéébátù