Ẹ Má Fi "Originally" Lé Mi Kúrò Nílé Bàbá Mi

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Ràṣídì, ẹ̀yin tí ẹ pọ̀n mí nígbà tí ìyá wa kú. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé wa n'Ínísà, ṣùgbọ́n ẹ fo Ràṣídì ọmọ yín. Ẹjọ́ rẹ̀ ni mo gbé wá.

Òòrùn Accra ń sun wá bí iṣu, mo ṣì ń tún òkìrìkà rán ní ọjà Kantamanto. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwa aránṣọ ibẹ̀ fẹ́ yan olórí. Èmi ni mo dàgbà jù, ìdí mi ló sì pẹ́ jù lórí ìjókòó. Ni Kofi, tí èmi fúnra mi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, bá dìde. Ó tẹrí ba, ó ní Bàbá Aláta, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, ẹ jọ̀ọ́, originally, níbo lẹ ti wá? Mo ní inú ìyá mi ni, mo bi í bóyá òun já bọ́ látorí igi ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì yan ẹlòmíràn.

Ìwé tí mo kà ò pọ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ òyìnbó yẹn yé mi. Láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ló túmọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ ọ́ ò wá ìpilẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà ìta ló ń fi han èèyàn.

Mo gbé e mì. Mo ní kò burú, mo ní yàrá nílé bàbá mi. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn Ràṣídì lórí fóònù, èyí tó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Ó ní originally, ọmọ ilé ni Bàbá Gánà, èmi nìyẹn, ṣùgbọ́n wọn ò sí nílé, òun sì ti gbé fírísà ìyàwó òun sí yàrá wọn.

Fírísà! Kí ẹja máa sùn níbi tó yẹ kí n sùn sí! Níbí, originally ni pé n kì í ṣe ará ibí. Lọ́hùn-ún, originally ni pé n kì í ṣe ará ọ̀hún mọ́. Ṣé kí n lọ pàgọ́ sí ẹnubodè ni? Inú ń bí mi, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má rò pé àwàdà mi àtijọ́ nìyí.

Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ẹ̀yin lẹ pọn omi lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi, tí wọ́n sin ibi mi sẹ́yìn yàrá yẹn. Ẹ fi ojú ibẹ̀ han Ràṣídì. Kó hú ibi mi jáde ná, kó tó fi ẹja rọ́pò mi. Bí kò bá lè hú u, kó gbé fírísà rẹ̀ kúrò kí Iléyá tó dé, torí mò ń bọ̀, tèmi tẹní mi.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ò ní sunkún ọmọ. Mo kí àgbà, mo kí èwe. Ràṣídì nìkan ló kù. Ọjọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yàrá mi bá tẹ̀ mí lọ́wọ́ ni màá kí i.

Èmi ni ọmọ yín, láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ títí dòní,
Bàbá Gánà.