Ẹni Tó Lé Bọ́ọ̀sì Lọ Ló Ń Gbé Mi Lọ Síbi Iṣẹ́

Olóòtú wa, ẹ kú ètò o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò mí láṣìírí, Afọṣọ ni kí ẹ pè mí.

Ilé ìwòsàn ni mo ti ń fọ aṣọ ibùsùn. Bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ń gba àdúgbò wa, ìjọba ìbílẹ̀ sì ti dá a dúró. Bàbá tí ilé rẹ̀ kọjú sí ibùdókọ̀ ló fẹjọ́ sùn títí wọ́n fi dá a dúró, ó ní fèrè bọ́ọ̀sì kì í jẹ́ kí òun sùn láàárọ̀. Ẹsẹ̀ ni mo wá ń fi rìn. Mo ń pẹ́ débi iṣẹ́, ojú tí ọ̀gá mi fi ń wò mí ò sì dáa mọ́.

Ni bàbá yìí kan náà bá rí mi lọ́nà, àánú mi ṣe é, ó ní òun á máa fi mọ́tò òun gbé mi. Láràárọ̀ báyìí, á dúró síwájú ilé wa, á tẹ fèrè títí gbogbo ọmọ mi á fi jí.

"Ìyàwó, yára o. Ṣé o mọ̀ pé kò sí bọ́ọ̀sì mọ́."

Ẹnu mi yìí náà ni mo fi ń sọ pé, "Ẹ ṣé, sà."

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n sọ tinú mi ni, àbí kí n máa wọ mọ́tò lọ? Olóòtú, ẹ rọra ka lẹ́tà yìí o, torí inú mọ́tò rẹ̀ la ti jọ máa ń gbọ́ yín.