Màmá, Búrẹ́dì Ṣì Ń Jáde

Màmá, búrẹ́dì ṣì ń jáde. A fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn ná, ká tó sọ ohunkóhun mìíràn. Ọdún mẹ́ta rèé tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Ọdún mẹ́ta rèé tí àwọn kan ti ń retí pé kí ilé búrẹ́dì yín kógbá sílé, kò sì kógbá sílé.

Èmi àkọ́bí yín ni mo mú kálàmù dání. Àwọn àbúrò mi yí mi ká, wọ́n ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Ẹ kúkú mọ̀ wọ́n.

A ò pa òfin ọjọ́ Jímọ̀ yín tì. Lọ́jọ́ Jímọ̀, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ ara rẹ̀. Awakọ̀ á po ìyẹ̀fun, akọ̀wé á dúró ti ààrò, ẹni tó sì ni iṣẹ́ gan-an á káwọ́ sẹ́yìn, ẹnu nìkan ni yóò fi ṣàlàyé. Búrẹ́dì ọjọ́ náà máa ń wọ́, àwọn oníbàárà á sì máa fi wá ṣẹ̀fẹ̀. Àbúrò yín ọkùnrin ní ẹ̀ ń fi iṣẹ́ ṣeré. Ẹ ní, "Ohun tí ẹnì kan ṣoṣo bá mọ̀ níbí, ẹ jẹ́ ká gbà pé a ò mọ̀ ọ́n."

Bàbá Iná, olórí àwọn tó ń yan búrẹ́dì, ló kórìíra òfin yẹn jù. Lójú tirẹ̀, ààrò yẹn ò gbọ́ ti ẹlòmíràn. Á káwọ́ sẹ́yìn, á sì fajú ro bí ẹni tí eyín ń dùn. Ẹ̀yin náà ò ní í fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ẹ á fa àga tì í, ẹ á máa bi í léèrè: kí lẹ rí, òórùn wo lẹ gbọ́, kí ló dé tí ẹ fi yí páànù nísinsìnyí?

Bí a ṣe sin yín tán ni Bàbá Iná kó lọ sí ilé búrẹ́dì tó wà ní òpópónà kejì. Ó sọ kiri àdúgbò pé a máa wá bẹ òun. Àbúrò yín sì ti mú ẹni tó fẹ́ ra ilé náà wá, omijé ò tíì gbẹ lójú wa.

Màmá, akọ̀wé ló dáná ààrò. Ó ní Bàbá Iná ti fẹnu ara rẹ̀ sọ fún òun lọ́jọ́ Jímọ̀ pé apá òsì máa ń yára gbóná, pé kí búrẹ́dì tó pọ́n ni òórùn rẹ̀ máa ń yí padà, ìgbà náà ló yẹ kéèyàn yí páànù. Èyí àkọ́kọ́ jóná. Wọ́n rẹ́rìn-ín wa lóde. A dà á nù, a tún po òmíràn. Nígbà tí ìyẹn jáde, ẹni tó fẹ́ ra ilé jẹ ẹ́ lórí ìdúró, ó ní ilé tó ṣì ń yan irú èyí kì í ṣe ilé títà, ó dúpẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Àbúrò yín ò tún mú ẹnikẹ́ni wá mọ́.

Ẹ̀ka kejì ti wà báyìí. Àbíkẹ́yìn yín tó máa ń sá fún ààrò ló ń darí rẹ̀. Oníṣirò tí a gbà síbẹ̀ sọ pé òfin ọjọ́ Jímọ̀ ń fi àkókò ṣòfò. A ní kó wá po ìyẹ̀fun. Ìyẹ̀fun kún irùngbọ̀n rẹ̀, kò sì sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Wọ́n ní ọdún mẹ́ta ti tó, ká gbé àwòrán yín kúrò lára ògiri iwájú, ká fọkàn síbòmíràn. A ò ní gbé e. Àárò yín ń sọ wá, kò sì sẹ́ni tó máa bá wa dá ọjọ́ tí yóò tán. Mo ṣì máa ń sunkún nídìí iṣẹ́ láàárọ̀, tẹ́lẹ̀, mo máa ń sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé èéfín ló kó sí mi lójú. Mi ò purọ́ èéfín mọ́. Ẹni tó bá bi mí, màá sọ fún un pé ìyá mi ni mò ń sunkún, mo ṣì fẹ́ràn wọn.