Abo Ẹṣin Rẹ Tí Mo Nà

                                        Ilé tó kángun sí pápá ẹṣin,
                                        Òpópónà Oníṣẹ́-Awọ.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta.

Agbẹ́rù-má-rojọ́, ọ̀rẹ́ ìgbà èwe mi,

Ṣé ara le? Ṣé orúnkún tó ń dùn ọ́ ti ń jẹ́ kí o gun kẹ̀kẹ́ ẹrù rẹ? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi í sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, títí dé orí àbígbẹ̀yìn tó ń bú ẹṣin bí àgbà? Èmi wà. Mò ń jẹun, mò ń sùn.

N kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Abo ẹṣin tí o mú wá fún mi, tí mo fọwọ́ sọ̀yà pé n ó sọ di èyí tí ọmọ ọwọ́ lè fọwọ́ kàn, mo ti fi okùn nà án. Ó ti fara pa. Ojú ń tì mí.

O mọ̀ pé inú igbó ni wọ́n ti mú un, kò sì mọ ọwọ́ ènìyàn àfi ọwọ́ tó de okùn mọ́ ọn lọ́rùn. Bí mo ti máa ń ṣe fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mo ṣe fún un. Láràárọ̀ mo máa ń da korobá dé sí àárín ọgbà, n ó jókòó lé e, n ó kẹ̀yìn sí i. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í fẹ́ kí a tẹjú mọ́ òun. N kò ní pè é, n kò ní wò ó. Òun ni yóò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n èyí kò wá. Ó fara ti pákó òdìkejì bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́ ọn. Nígbà tó pẹ́ títí ló tó wá jẹ oúnjẹ nínú abọ́ tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, tí yóò tún fò padà bí ẹni pé abọ́ náà bù ú jẹ.

Lọ́jọ́ kan, oníṣẹ́ awọ tó ń rán gàárì níwájú ilé wa wá fi apá lé ọgbà. Ó ní, "Bàbá Ẹlẹ́ṣin, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń kọ́ ta nínú ẹ̀yin méjèèjì? Ó jọ pé ẹṣin yìí ti kọ́ yín ní ìjókòó, ó ku kó kọ́ yín ní ìdùbúlẹ̀." Àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi àgbàlagbà, inú bí mi. Mo mú okùn, mo jù ú sí i lọ́rùn níṣojú wọn. Ó fò sókè, ó fi èjìká fọ́ pákó ọgbà, pákó náà sì là á lára. Dípò kí n tú u sílẹ̀, mo fi ìdí okùn nà án, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu wọn. Oníṣẹ́ awọ fúnra rẹ̀ ní, "Bàbá, ó tó o! Eré ni mo ṣe."

Òkèèrè ni dókítà ẹranko ti wò ó. Ó ní èérún pákó wà nínú egbò. Bí a kò bá yọ ọ́ kíá, kí a fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, yóò kẹ̀, pípa la ó sì pa á. Bí a bá sì tún fi okùn dè é mọ́lẹ̀, ẹ̀rù ni yóò pa á kí egbò tó pa á.

Mo padà sórí korobá mi. Bí mo bá húkọ́, gbígbọ̀n ni ẹṣin náà ń gbọ̀n. Ọmọbìnrin mi, tó padà wá ń gbé lọ́dọ̀ mi lẹ́yìn ìsìnkú ìyá rẹ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà ọgbà. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá a sọ̀rọ̀. Ẹnu Màmá kì í dákẹ́ tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́." Mo ní kó panu mọ́, kó wọlé lọ. Láti ọjọ́ tí a ti sin ìyá rẹ̀, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀ nínú ilé yìí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò létí mi. Bí mo bá ti jókòó bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà yẹn, ìyàwó mi á fara ti ọgbà, á máa ṣa ẹ̀wà, á máa sọ̀rọ̀: ìjà aládùúgbò, bí mo ṣe ń hanrun bí ẹlẹ́dẹ̀. Ohùn yẹn ni ẹṣin ń gbọ́ tí ọkàn rẹ̀ fi ń balẹ̀. Ẹni tó bá jókòó láìfọhùn, ọdẹ ni lójú ẹran igbó. Èmi ni wọ́n sì ń yìn pé ọwọ́ mi tutù.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo la ẹnu. N kò mọ ohun tí wọ́n ń bá ẹṣin sọ. Ọ̀rọ̀ ìyàwó mi nìkan ló jáde. Mo sọ bó ṣe máa ń da iyọ̀ púpọ̀ sọ́bẹ̀ bí mo bá ṣẹ̀ ẹ́, tí n ó sì jẹ ẹ́ tán bí ẹni tí kò mọ̀. Mo sọ pé eteetí bẹ́ẹ̀dì ni mo ṣì ń sùn, n kò lè nasẹ̀ dé ibi tirẹ̀. Mo sọ pé n kò sunkún lọ́jọ́ ìsìnkú torí ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá bẹ̀rẹ̀, n kò ní mọ bí wọ́n ti ń dákẹ́. Mo rí òjìji etí ẹṣin nílẹ̀, ó yí sọ́dọ̀ mi. Mò ń sọ ọ́ lọ títí èémí gbígbóná fi kàn mí lọ́rùn. Mo gbọ́wọ́ sókè jẹ́jẹ́, mo fi kàn án. Ó gbọ̀n, kò sá. Bí mo ti ń sọ̀rọ̀ ni mo ń yọ èérún pákó, ni mo ń fọ egbò.

Nígbà tí mo yíjú, ọmọbìnrin mi ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, abọ́ omi gbígbóná tó gbé wá fún mi ti tutù lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́. Ó ní, "Bàbá, a rò pé ẹ ti gbàgbé Màmá ni. Nítorí ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ò ṣe wálé mọ́. Ẹṣin lẹ wá ń sọ fún?"

Ọ̀rẹ́ mi, ojú tì mí ju ọjọ́ tí mo na ẹṣin rẹ lọ. Mo gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó jókòó, a sì sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Òun ni mo bẹ̀ pé kó bá mi kọ lẹ́tà yìí. Ó ní kí n má sọ fún ọ pé òun ń sunkún, torí náà n kò sọ.

Egbò ń jinná, ṣùgbọ́n àpá yóò wà. Kò tíì gba ìjánu, kò sì ní fa kẹ̀kẹ́ rẹ kí òjò tó dé bí mo ti ṣèlérí. Bí o bá fẹ́ mú un lọ fún ẹlòmíràn, n kò ní jiyàn; ó tọ́ sí mi.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti gbogbo ilé. Nígbà tí o wá bá mi kẹ́dùn, o dárúkọ ìyàwó mi, mo dá ọ lẹ́nu, mo ní ká sọ̀rọ̀ ẹṣin. Dárí jì mí. Bí o bá dé lọ́tẹ̀ yìí, jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹṣin dúró ná. Ohun tí o fẹ́ sọ nípa ìyàwó mi lọ́jọ́ náà, wá sọ ọ́ fún mi.

                                        Èmi tí ojú ń tì, tìrẹ síbẹ̀síbẹ̀,
                                        Bàbá Ẹlẹ́ṣin.