Kọ̀ǹpútà Yín Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fèrèsé

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n máa ń kí ara wọn bẹ́ẹ̀ níbi tí ẹ wà, àmọ́ mi ò lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láìkí yín, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi. Ara mi le. Màmá wà dáadáa, orúnkún wọn nìkan ló ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n sì ti rí dókítà ní Igbóbì. Ilé ìtẹ̀wé yín ní Bajulaiye ṣì wà ní ṣíṣí. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà yín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni mo fẹ́ bá yín sọ, torí mo ṣe nǹkan kan sí i lọ́sẹ̀ tó kọjá, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ pé ẹnu ẹlòmíì lẹ ó ti gbọ́ ọ.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ gbé e dé? Ìjọba alágbádá ò tíì pẹ́ tó dé, gbogbo Ṣómólú ló ń sọ pé nǹkan máa ṣẹnuure. Tòkunbọ̀ ni, ó sì wúwo bí àpò sìmẹ́ńtì, àmọ́ orí itan yín lẹ gbé e sí nínú ọkọ̀ títí ẹ fi dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín fọwọ́ kàn án. Ẹ ra mẹ́rin míì lẹ́yìn ìyẹn, àmọ́ èyí ni àkọ́bí. Láràárọ̀, tí ẹ bá ti gbàdúrà tán, ẹ ó ká aṣọ kúrò lórí rẹ̀, ẹ ó tàn án, ẹ ó yíjú wo kàlẹ́ńdà ara ògiri, ẹ ó tẹ nǹkan díẹ̀, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni pé kó wá ṣiṣẹ́. Mo máa ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà pé ẹ ń kí i káàárọ̀ ni. Mi ò béèrè ohun tí ẹ ń tẹ̀. Kí ló dé tí mi ò béèrè?

Nígbà tí ẹ kú, Bọ̀dá Ganíyù tí ẹ jọ dá iṣẹ́ sílẹ̀ ń dá a ṣe lọ. Àmọ́ àwọn kọ̀ǹpútà yẹn ti rẹ̀. Èèyàn lè tan ọ̀kan, kó lọ ra àkàrà, kó jẹ ẹ́ tán, kó tó ṣí. Fáírọ́ọ̀sì tí àwọn oníbàárà ń fi fúláàṣì wọn kó wá sì ti kún inú wọn bí ìdun inú àga. Bọ̀dá Ganíyù wá sọ lọ́jọ́ kan pé àwọn máa pe àwọn tó ń ra kọndẹ́ẹ̀mù, ìyẹn ẹrù tó ti bàjẹ́, kí wọ́n wá kó márààrún lọ.

“Kí la fẹ́ fi òkú ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù?” Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn.

Inú bí mi, Bàbá. Mo mọ̀ pé wọn ò ní í lọ́kàn láti bú yín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà gún mi. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní oṣù kan péré. Kí tiyín má lọ sórí bárò kọndẹ́ẹ̀mù, gbogbo ohun tí mò ń wá kò ju ìyẹn lọ.

Ẹ ò mọ̀ pé mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí. Ní kàfé kan ní Bàrígà, lásìkò tí ẹ rò pé mo lọ ka ìwé ìdánwò, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ nípa ètò ọ̀fẹ́. Ètò yìí ló máa ń jí kọ̀ǹpútà, tó sì máa ń darí gbogbo iṣẹ́ inú rẹ̀. Àwọn èèyàn káàkiri ayé ló jọ ń kọ ọ́, tí wọ́n ń fún ẹni tó bá fẹ́ láìgba kọ́bọ̀, wọ́n sì gba èèyàn láyè láti tún un ṣe bó ṣe wù ú. Àwọn kan nínú wọn tiẹ̀ ń ṣe èyí tó fúyẹ́, nítorí àwọn kọ̀ǹpútà tó ti dàgbà.

Bọ̀dá Ganíyù ò gbà. “Ọ̀fẹ́? Nínú Èkó yìí? Ta ni wọ́n ní ó ń ṣe ọ̀fẹ́? Ó ní ohun tí wọ́n ń wá o.” Àmọ́ nígbà tí mo fi ètò náà sínú márààrún, tí wọ́n ń ṣí wàràwàrà, àwọn náà fa àga, wọ́n jókòó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ibi tí mo ti fọwọ́ ara mi ba nǹkan jẹ́ wá nìyí. Mo fẹ́ fi hàn wọ́n pé mo gbọ́n. Mo wá ṣètò kan fún ìwé ìsìnkú, irú èyí tí à ń tẹ̀ lójoojúmọ́: ẹ kàn máa fi orúkọ olóògbé àti ọdún tí wọ́n bí i síbẹ̀, kọ̀ǹpútà á wo ọdún tó wà nínú òun fúnra rẹ̀, á sì kọ ọ́ sí iwájú ìwé bí ọdún tó kú. Bọ̀dá Ganíyù ṣe ti ìyá kan ará Bàrígà lórí kọ̀ǹpútà yín. A tẹ̀ ẹ́, a gé e, a dì í. Ọmọ olóògbé wá gbé e, ó wo iwájú rẹ̀, ó wo mí lójú.

“Ẹ̀gbọ́n, màmá wa tó bá mi wẹ ọmọ lọ́dún tó kọjá, ẹ̀yin ti pa wọ́n láti bí ọdún mẹ́wàá?”

Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbé orí sókè. Bọ̀dá Ganíyù bẹ obìnrin náà, a tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀, èmi ni mo sì gbé e dé ilé wọn. Nígbà tí mo padà, Bọ̀dá Ganíyù pè mí, wọ́n sì là mí lóye. Bátìrì tó ń bá kọ̀ǹpútà yín ka ọjọ́ ti kú tipẹ́, kì í sì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń yọ. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tàn án, á tún padà sí ọdún tí wọ́n ṣe é. Ọjọ́ àti ọdún lẹ máa ń tẹ̀ sí i láràárọ̀. Bọ̀dá Ganíyù rò pé mo mọ̀, ìyẹn ni wọn ò ṣe yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Mo dúró kí wọ́n lé mi. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

“Bàbá ẹ náà ti ṣe irú ẹ̀ rí. Ìwé ìgbéyàwó ni tiwọn. Ìyàwó ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ́jọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ sọ fún yín nílé.”

Bàbá! Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ fún mi pé ẹni tó bá fara balẹ̀ kì í ṣàṣìṣe? Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi, mo sì fẹ́ràn yín sí i lọ́jọ́ yẹn.

Láti ìgbà náà ni èmi náà ti ń tẹ ọjọ́ sínú rẹ̀ láràárọ̀. Ètò náà sì máa ń wúwo sí i tí wọ́n bá gbé òmíràn jáde, bẹ́ẹ̀ ni mò ń yọ èyí tí a kò nílò, tí mò ń kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣe é nípa ibi tó ti ń dá wa dúró. Nígbà tó yá, wọ́n fi mí sára àwọn tó ń dán an wò lórí kọ̀ǹpútà àgbà. Ọmọ yín ní Bajulaiye ni wọ́n ń dúró dè kí wọ́n tó sọ pé ó dára. Ṣé ẹ lè gbà á gbọ́?

Lóṣù tó kọjá, àwọn tó ń ṣe ètò náà kọ̀wé sí mi. Wọ́n ní irú tiyín ti dàgbà jù, wọ́n sì ń fà á lọ́wọ́ lọ ni, ìyẹn ló fà á tí ètò náà fi ń falẹ̀ lórí gbogbo kọ̀ǹpútà yòókù. Wọ́n ní èmi nìkan ni àwọn mọ̀ tó ṣì ní in. Tí mo bá ní mo ṣì ń lò ó, àwọn ò ní fi í sílẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi dáhùn. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó ti fi ṣiṣẹ́ láti bí ọdún méjì. Mo kàn ń tàn án láàárọ̀, mo ń tẹ ọjọ́ sí i, mo sì ń pa á. Ṣé kọ̀ǹpútà ni mò ń tọ́jú àbí ẹ̀yin? Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin kọ́ lẹ máa jẹ́ kí ẹrù ẹnì kan di ti gbogbo ilé. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ò lò ó mọ́, kí wọ́n jẹ́ kó sinmi. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́.

Mo wá tú ẹ̀yìn rẹ̀. Mo yọ irin pẹlẹbẹ kékeré méjì tó fi ń rántí ohun tó bá ń ṣe lọ́wọ́, mo gbé wọn sínú èyí tí Rúkáyátù ń lò, ọmọbìnrin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà. Tirẹ̀ ló máa ń dákú jù tí àwòrán bá pọ̀ nínú iṣẹ́. Ó ṣí iṣẹ́ ńlá kan tó ní ogún àwòrán nínú, gbogbo rẹ̀ sì yọ lójú ẹsẹ̀.

“Àh-àh! Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fi sí i?”

Mo ní bàbá mi ló fún un. Ọ̀sẹ̀ kẹta rẹ̀ lọ́dọ̀ wa nìyí, Bọ̀dá Ganíyù sì ṣì máa ń dárúkọ yín bí ẹni pé ẹ máa yà síbẹ̀ lọ́sàn-án, torí náà kò mọ̀ pé ẹ ti lọ. Mi ò sọ fún un. Ó ní tí mo bá délé, kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gan-an ni.

Mo jíṣẹ́ o, Bàbá mi.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń rántí yín tayọ̀tayọ̀.