Ẹ Má Gun Ọ̀kadà Yẹn Mọ́, Màámi

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ojú lọ́nà wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Kánádà níbí, níbi tí ilẹ̀ ti tutù débi pé orúnkún mi ò lè pẹ́ níbẹ̀. Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Mùtíù, pẹ̀lú ìyàwó wọn àti àwọn ọmọ. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé wa l'Ókè-Sopẹn. Mo mọ̀ pé inú yín ò ní dùn pé mo gbé ọ̀rọ̀ yìí síta fún gbogbo ayé kà. Wọ́n ní ẹni tó bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bà. Ẹ fara dà á fún mi, ìdí rẹ̀ á yé yín tẹ́ ẹ bá kà á tán.

Ara mi le, alhamdulilahi. Iṣẹ́ ilé àwọn arúgbó ni mo ṣì ń ṣe. Yìnyín bo gbogbo ọ̀nà. Oòrùn kì í tíì yọ tí mo fi ń jáde, yóò sì ti wọ̀ kí n tó dé, kò sì sẹ́ni tó máa bi mí bóyá mo ti jẹun. Láràárọ̀, èmi ni mo máa ń di ìyá arúgbó kan lápá mú, tó ní ìtọ̀ ṣúgà bíi tiyín, à á sì máa rìn lọ rìn bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, torí dókítà rẹ̀ ní ìrìn wà lára oògùn rẹ̀. Ó máa ń bú mi. Ìyá oníìyá ni mò ń bá rìn, tèmi jókòó sórí àga nílé. Ó ń dùn mí, Màámi, ó sì tún ń bí mi nínú.

Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ìjọba àdúgbò wa kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún yín, Bọ̀dá Mùtíù wà níbẹ̀. Ó ní kí ẹ máa lo oògùn yín, kí ẹ sì máa rìn láràárọ̀ kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè wálẹ̀, kí ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀. Nígbà tí mo pè yín, ẹ ní oògùn ló tán lọ́wọ́ wọn tí wọ́n fi ń ní kéèyàn máa rìn. Ẹ ní ẹ ti rin tiyín nígbà tí ẹ ń ru obì láti Ìlápòrú. Mo ra bàtà kánfáàsì ránṣẹ́. Ẹ gbé e sínú àpótí, ẹ ní ó ti dáa jù láti fi tẹ erùpẹ̀. Ta ni mo rà á fún, àpótí?

Ẹ̀bẹ̀ pọ̀ kí ẹ tó gbà. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ẹ jáde lóòótọ́. Ẹ ò tíì rìn jìnnà tí ọmọ ọ̀rẹ́ yín kan fi dá ọ̀kadà rẹ̀ dúró, tó bi yín níbi tí ẹ ń lọ. Ẹ ní ẹ ò lọ síbì kankan. Ó wò yín bí ẹni tí nǹkan ń ṣe, ó ní kí ẹ gun ẹ̀yìn òun. Ẹ gùn ún, ẹ ní a kì í kọ ọlá tí ọmọ bá bu fúnni. Bí ọ̀kadà ṣe gbé oògùn yín padà wálé nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin tó ń dín àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà fi ìkáàánú bi yín bóyá ọmọ yín tó wà lókè òkun ti gbàgbé yín ni, tí àgbàlagbà bíi tiyín fi ń fẹsẹ̀ rìn. Àtọjọ́ náà lẹ ti jókòó. Ẹ sọ fún Bọ̀dá Mùtíù pé ẹ ò ní jẹ́ kí wọ́n torí yín bú mi. Màámi, mi ò rán yín níṣẹ́ yẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bú mi.

Àfi bí Bọ̀dá Mùtíù ṣe pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé sálúbàtà ẹsẹ̀ òsì yín bọ́ nídìí kànga, ẹ wọlé, ẹ jókòó, ẹ ò mọ̀. Ìgò ti gún yín, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sórí ẹní, ẹ ò mọ̀, torí ìtọ̀ ṣúgà kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ ìrora mọ́. Mo mọ ẹnì kan níbí tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, ibi tí tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Nọ́ọ̀sì ti di egbò náà, ó sì ní tó bá jinná, kí ẹ padà sẹ́nu ìrìn.

Ìdí nìyí tí mo fi pariwo síta. Ẹ̀yin ọlọ́kadà àdúgbò wa, tí ẹ bá rí ìyá mi lọ́nà, ẹ kí wọn, kí ẹ kọjá. Ẹ̀yin alákàrà wa, ẹ má bá mi káàánú wọn. Oògùn ni wọ́n ń lò.

Màámi, mo ń bọ̀ wálé nígbà ọyẹ́, inṣá Allah. Mo mọ̀ pé ẹ máa ń bu omi dè wá lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹ máa ń dà á sílẹ̀ kí ọmọ tó ti àjò dé tó wọlé. Lọ́tẹ̀ yìí, mọ́tò ò ní gbé mi dé ẹnu ọ̀nà. Màá sọ̀ kalẹ̀ ní ìyànà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, màá jókòó lórí ẹrù mi. Ẹ wọ kánfáàsì yín, kí ẹ gbé omi náà wá pàdé mi níbẹ̀. Tí ọlọ́kadà bá gbé yín wá, màá ní kó gbé yín padà, kí ẹ tún ti ilé bẹ̀rẹ̀.

Ọlọ́run á dá ẹsẹ̀ yín méjèèjì sí fún wa. Ẹ̀mí yín á gùn, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ kí gbogbo ilé, ẹ kí àwọn tó bá bínú sí mi pàápàá. Mi ò ní kúrò ní ìyànà títí ẹ ó fi rìn dé.

Èmi ni ọmọ yín,
Sìkírátù